Orúnkún Tí Mo Fi Kí Dókítà

Òórùn ìpara gbígbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, nítorí ní gbogbo ìgbà yẹn, òun ló gba yàrá wa kan. Ọkọ mi á wọlé, á fa imú, á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, orúnkún yẹn náà ni, àbí?" Èmi á ní kò le, mo kàn fi pa á lásán ni. Nígbà náà, mo ṣì ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, mo sì ka ara mi sí àgbà obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe.

Takisí ni mo wọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. A ti fẹ́ dé Challenge nígbà tí bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù kan já, tó wá fi imú gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún gbá ìjókòó iwájú. Nígbà tí a jáde, kò sí ẹni tó kú nínú wa, ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn ará àdúgbò fi ń wọlé wá kí mi kú ewu, tí wọ́n ń sọ pé ẹni orí yọ, ó dilé. Níwájú àwọn tó ń bá mi dúpẹ́ báyìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ lanu sọ pé orúnkún ń dùn mí? Àìmoore ni wọn ì bá pè é. Mo pa á mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ìrora náà kò lọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, oríkèé náà á ti gan. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń rìn, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ni ọkọ mi bá ní dandan, kí n lọ rí dókítà kan ní Onírèké.

Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ilé: bí ó ṣe ń ta mí, ìgbà tó ń ta mí, bí n kò ṣe lè tẹ ẹsẹ̀ náà dáadáa. Àṣé àgbàlagbà ni dókítà náà, orí rẹ̀ funfun báláú. Bí mo ṣe fojú kan ewú yẹn, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé aláìsàn ni mí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi ní Òkè-Ògùn, obìnrin kì í dúró kí ẹni tó lè bí i lọ́mọ. Ìrora náà gun mí dé ìbàdí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo káàdì tí nọ́ọ̀sì ti kọ ọ̀rọ̀ jàǹbá náà sí.

"Ẹ dìde, ìyá, ẹ dìde. Orúnkún yẹn ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

"Ṣé ó ṣì ń dùn yín?"

"Kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, sà. Ọlọ́run á máa bá wa dá yín sí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bí ẹ ṣe ń kúnlẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín! Èmi tí n kò rí jàǹbá kankan, orúnkún tèmi kò tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo di tábìlì rẹ̀ mú dìde, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ wo ìwé tó wà lórí rẹ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó fún mi ní oògùn ìrora. Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn fún oṣù méje: màá lọ, màá kúnlẹ̀, màá dúpẹ́, màá sì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Bódìjà ló ká mi mọ́ ọn. Ó wá kí wa, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ mi gun bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lo ń sọ fún dókítà látọjọ́ yìí?"

"Mo ní a dúpẹ́ ni."

"O dúpẹ́ kẹ̀? Ṣé ilé ìsìn lo lọ ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ ò tiẹ̀ wá dákẹ́, àìsàn lo ń bá jẹ́rìí!"

Òun ló fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn ní Ring Road, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ rárá. Wọ́n ya àwòrán eegun náà. Ó wò ó, ó ka ìwé tí mo gbà bọ̀ láti Onírèké, ó tún un kà.

"Mà, ibi gbogbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń yá. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní èmi ni. Ó ṣàlàyé pé ohun tó dà bí tìmùtìmù láàárín eegun méjèèjì ti jẹ tán lápá kan, kò sì ní hù mọ́. "Ká ní ẹ ti tètè..." Ó ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kí wọ́n fi irin rọ́pò oríkèé náà, ṣùgbọ́n òun kò ní ṣèlérí. Mo bi í bóyá n óò jí. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jí. Mo ní kí n lọ rò ó. Mo ṣì ń rò ó.

Ọdún ti gorí ọdún. Mo ti fi ọ́fíìsì sílẹ̀ nítorí àtẹ̀gùn. N kò bá bàbá dókítà yẹn wí. Ó bi mí, mo sì dá a lóhùn. Ìrora ti di ará ilé. Títì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àyà mi ń já bí mo bá gbọ́ ìró bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá lè sáré ṣì lè bẹ̀rù kó sì yè é. Èmi kò lè sáré mọ́. Bí mo bá fẹ́ sọdá ní Ring Road, màá dúró létí títì títí ẹni tó fẹ́ sọdá á fi dé, màá wá rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan á mú mi lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á yára, wọ́n á fi mí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró títí oòrùn fi kan mí ní àtàrí, ẹnikẹ́ni kò wá. Mo yíjú padà, mo lọ sílé láì ra ohun tí mo torí rẹ̀ jáde.