Ọkọ̀ Màmá Agbẹ̀bí Tí Kò Mí Mọ́

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe ní Ṣàgámù, lábẹ́ igi màngòrò kan lójú ọ̀nà Ibido. Iná ọkọ̀ ni tiwa: bátìrì, fèrè, fìtílà iwájú, wáyà tí eku jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún gíà ṣe wà lápá kejì igi náà. Ohun tó bá jẹ mọ́ ọ́ìlì, tirẹ̀ ni. Ohun tó bá jẹ mọ́ iná, tèmi ni. A kì í jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ kékeré kan wá láti Ìkẹ́nnẹ́. Màmá kan ló wà nídìí sítíárìn, wọ́n dì í mú gírígírí bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú lójú títì. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ wọn ni ìyàwó mi bí àkọ́bí wa sí. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ó ní ọ̀pá gíà tí èèyàn ń fi ọwọ́ yí, ṣùgbọ́n kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré kan tó ń lo iná bátìrì ló ń ti ọ́ìlì lọ bá kílọ́ọ̀ṣì, ọ́ìlì yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀nà, Màmá. Kí ló ṣe é?”

“Kò wọ gíà mọ́, ọmọ mi. Ẹ́ńjìnnì ń dún, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò gbéra.”

Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ́ìlì pé, kò sì síbi tó ń jò. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Màmá, ó jọ pé a máa sọ gíà yìí kalẹ̀ o. Kò lè parí lónìí.”

Ojú Màmá rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí kò ríran mọ́ ń retí wọn ní Òde Rẹ́mọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná sì wà lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi aṣọ wé e.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi fún mi láyè díẹ̀. “Màmá, nígbà tí ara ọkọ̀ yìí yá, ǹjẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ìró kan kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì?”

Wọ́n ronú. “Bí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn báyìí, ó máa ń mí. Hùùù, bí obìnrin tó ń rọbí tí a ní kó rọra mí. Lẹ́yìn náà á dákẹ́.”

“Ti òwúrọ̀ yìí ńkọ́?”

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. “Áà! Kò mí rárá!”

Inú mi dùn, nítorí ìró pọ́ǹpù ni wọ́n ń ṣàpèjúwe yẹn. Mo yẹ fíùsì rẹ̀ wò, kò jó. Mo wá fa wáyà láti orí bátìrì tààrà lọ sára pọ́ǹpù. Hùùù!

“Òun nìyẹn!” Màmá pàtẹ́wọ́. “Òun gan-an nìyẹn!”

Pọ́ǹpù yè, bátìrì yè. Ó ku ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ìyẹn rílè, àpótí kékeré bíi páálí ìṣáná tó ń ṣílẹ̀kùn fún iná. Mo yọ ọ́, mo ṣí ìdérí rẹ̀: ojú irin inú rẹ̀ ti jó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ibi tí iná ń dé dúró nìyẹn.

Kò sí irú rẹ̀ tí a lè rí rà ní Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n rílè fèrè ọkọ̀ náà rí bákan náà, ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Mo yọ ti fèrè, mo fi í rọ́pò èyí tó jó. Màmá ṣí ilẹ̀kùn, ọkọ̀ mí. Wọ́n fi sí gíà, ó sì gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. “Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kọ́!”

“Màmá, ẹ ò ní fèrè o, títí màá fi rí òmíràn.”

“Ẹnu mi kò jó,” ni wọ́n dáhùn.

Mo bá wọn lọ sí Òde Rẹ́mọ kí n lè máa gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ewúrẹ́ bá dúró sójú ọ̀nà, Màmá á yọrí síta: “Ẹ yàgò o!” Àwọn èèyàn á yíjú, wọn á rí i pé agbẹ̀bí wọn ni, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, àwa náà á dúró dáhùn. Ìrìn àjò yẹn pẹ́ gan-an, kò sì sú mi.

Ẹ̀gbọ́n wọn jókòó síwájú ilé, wọ́n dẹtí sílẹ̀. “Ta ni yẹn? Ọkọ̀ àbúrò mi máa ń fọn fèrè.”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi! Mo mú ẹni tó wo ọkọ̀ sàn wá!”

Ẹ̀gbọ́n Màmá na ọwọ́, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ pa orí mi, wọ́n ń súre fún mi.

Láìpẹ́ sígbà náà, mo rí rílè rà nígbà tí mo dé Èkó, fèrè Màmá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lábẹ́ igi yẹn, díẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn tó èyí.