Àgbada Zenebech àti Ọkọ̀ Wubalem

Ogún ọdún ni Wubalem fi wa ọkọ̀ Ládà aláwọ̀ búlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Addis. Nígbà tó tà á, tó ra ọkọ̀ oníná, Demisew, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tí gbogbo wa ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Gaṣe, tó ṣì ń wa Ládà tirẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wubalem, ṣé fóònù lo rà ni, tí wàá máa kì í bọ ògiri?"

"Gaṣe, láti àná lẹ ti wà lórí ìlà epo. Ẹ bá mi kí àwọn tó wà níwájú yín."

Ní Sátidé kan, aládùúgbò wa, Ìyá Alganesh, sáré wọlé tọ Wubalem. Ọmọ rẹ̀ ń rọbí ní Debre Birhan, oyún àkọ́kọ́. Ìyá sì ti ṣèlérí pé ọwọ́ òun ni yóò ro genfo, òkèlè ọkà báálì tí abiyamọ máa ń kọ́kọ́ jẹ.

"Ṣé nǹkan yìí á gbé wa débẹ̀?"

"Èmi ni mo ń wà á, Ìyá."

Ohun tí Wubalem gbàgbé ni pé òru Jímọ̀ ni gbogbo agboolé wa ń yan injera, àkàrà pẹlẹbẹ tí a ń jẹ lójoojúmọ́. Àgbada oníná mẹ́jọ ti fa iná mu; ìdajì ni bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ gbà mọ́jú. Òkè àti òtútù jẹ ìyókù. Ní Chacha, nígbà tó ku nǹkan bí ogún kìlómítà, ọkọ̀ dákú.

Wọ́n tì í dé ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Zenebech, tó ń yan injera lọ́wọ́ lórí àgbada oníná. Bí Wubalem ṣe ki okùn ọkọ̀ bọ ògiri báyìí, gbogbo iná ilé lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ni wáyà yìí lè gbé," ni Zenebech wí. "Ìyẹ̀fun tí mo pò sì ti kan. Tí n ò bá yan án báyìí, ó bàjẹ́ nìyẹn."

"Ṣé ẹ ṣì ní àgbada amọ̀?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé. Ta ló fẹ́ lọ fimú fa èéfín?"

"Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa lo iná."

Wubalem ká apá aṣọ. Ó kó ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sábẹ́ àgbada, ó fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ata. Ó ń da ìyẹ̀fun pípò yípo láti etí wọ àárín, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ìyá Alganesh ń fẹ́ná, ó ń ké pe Màríà. Ogójì injera, kò sí èyí tó ya.

"Awakọ̀ wo rèé!" ni Zenebech pariwo. "Ó yan án jù mí lọ!"

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, bátìrì ti gba èyí tó tó.

Nígbà tí wọ́n dé Debre Birhan, ọmọ ti ké, ṣùgbọ́n ìkòkò genfo ṣì ṣófo. Abiyamọ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìyẹ̀fun báálì àfi ìyá òun. Ìyá Alganesh wọlé, kò tilẹ̀ jókòó, ó gba orógùn.

Kí Wubalem tó padà sí Addis, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé.

"Wọ́n ní ìgbẹ́ màlúù lo fi wakọ̀ olówó ńlá!" ni Gaṣe Demisew wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Gaṣe. Ìyá sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ládà tiyín ńkọ́?"

"Ó ṣì wà lórí ìlà."

Bàbá náà wá dìde lórí àga rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó dìde fún ẹni tó kéré sí i rí.