Páálí Kẹfà Bàbá Tísà

Òórùn epo gbígbóná ló máa ń jí mi ní Mọ́níyà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Èmi ni mo máa ń ya ìwé tí ìyá mi fi ń di àkàrà fún àwọn ọlọ́kadà, ó sì máa ń rẹ̀ mí kí n tó dé ilé ìwé.

Páálí ìwé mẹ́fà ni àwọn ọmọ Bàbá Tísà, aládùúgbò wa, kó fún wa lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn. Márùn-ún ti tán kí n tó wo ohun tí mò ń ya. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí òkú obìnrin kan nínú kànga ní Ìjàyè lójú ìwé tí mo fẹ́ ya, mo sì kà á títí ìyá mi fi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ náà ló wà lára ìwé ìkéde òkú Bàbá Tísà tó ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri wa. Bàbá Tísà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ wo ló mọ orúkọ wọn? Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ló máa ń bá wọn pa adìẹ ọdún, torí wọn kì í lè wo ẹ̀jẹ̀.

Ojú tì mí. Kì í ṣe ojútì lásán. Ó dà bíi pé mo ti ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbàlagbà láràárọ̀. Ìyá mi máa ń wí pé, "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́." Síbẹ̀ mo dákẹ́, torí mo rò pé ìyá mi á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Mo ń kà, mo ń ya.

Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́kadà kan padà wá pẹ̀lú bébà tó rin fún epo.

"Ìyá alákàrà, ta ló pa obìnrin yìí?"

"Àfi tó bá jẹ́ ìwọ lo pa á," ni ìyá mi dáhùn.

Mo bú sẹ́kún. Mo ní Bàbá Tísà ló kọ ọ́, pé ìparí rẹ̀ ti bá àkàrà àná lọ. Ìyá mi gbé ṣíbí àkàrà sílẹ̀, wọ́n ní kí n kó èyí tó kù wọlé. Ìwé méje ló kù.

Mo ti jáde yunifásítì báyìí, mo ti sìnrú ìlú, mò ń wáṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Adégbayì, ọmọ Bàbá Tísà kan bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ṣì ní ìwé bàbá òun; ó ti wá a títí, ó ti sú u. Ẹ̀rù bà mí pé á béèrè ìyókù tí mo ti ya. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn fi dákẹ́. Èmi sọ fún un pé mi ò mọ ẹnì kankan, mo sì wọ mọ́tò lọ sílé, níbi tí ìwé méjèèje wà.