Ìka Gígùn Agboolé Mọ́nsúrù

Ìka gígùn ni wọ́n fi ń mọ ọmọ agboolé Mọ́nsúrù ní Ìsẹ́yìn. Bí wọ́n bá bí ọmọ tí ìka rẹ̀ rí gbọọrọ, ariwo ayọ̀ a sọ: ahunṣọ dé! Ta ni yóò sọ fún wọn pé àmì àìsàn ni wọ́n ń kí káàbọ̀? Ìdí òfì ni bàbá Mọ́nsúrù ṣubú sí tó sì kú. Kàdírì ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrù náà kú bẹ́ẹ̀, kò tíì pé ogójì ọdún. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ayé wo?

Lọ́jọ́ tí Mọ́nsúrù fẹ́ gbé òkúta tó ń fa òwú òfì le, àyà dùn ún débi pé ó jókòó sílẹ̀ yakata. Ìbàdàn ni wọ́n ti ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Dókítà ní ohun tó so ara pọ̀ ló dẹ̀ jù nínú ìdílé wọn, òun ló ń jẹ́ kí ìka wọn gùn, òun náà ló jẹ́ kí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn máa wú bíi tìúbù kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ bẹ́. Kó máa lo oògùn lójoojúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má ru, kó máa wá yàwòrán lọ́dọọdún, kó má gbé ẹrù wúwo mọ́.

"Ẹ mú ọmọ yín wá o," ni dókítà wí. "Obìnrin tó bá ní in, oyún lè mú kí iṣan náà bẹ́."

Oògùn, Mọ́nsúrù ń lò ó. Ti ọmọ ló fi sábẹ́ ẹní. Misturat ni ọmọ kan ṣoṣo tó ní, ìka rẹ̀ gùn ju ti bàbá rẹ̀ lọ, yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Ismaheel ará Òkèhò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ wá: ká tó gbé ìyàwó, a ó wádìí ilé. Wárápá ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Sodiqat ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ fún ọmọ, ẹnu ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Ẹ jẹ́ ká so yìgì ná," ni Mọ́nsúrù ń tẹnu mọ́. Olórí kunkun!

Àmọ́ ẹ̀rù ọmọ náà ò jẹ́ kó gbádùn. Bí wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, Ismaheel yà wá kí i. Mọ́nsúrù pe Misturat jókòó, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ikú bàbá, ikú Kàdírì, iṣan tó ń wú.

"Bí o bá ní o ò ṣe mọ́, Ismaheel, mi ò ní bínú."

Ismaheel wo Misturat. Misturat ṣí báàgì, ó mú ike oògùn jáde, oògùn kan náà tí bàbá rẹ̀ ń lò. Òun àti Ismaheel ti jọ lọ ṣàyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Àìsàn náà wà lára Misturat.

"Ta ló sọ fún yín?" ni Mọ́nsúrù bi wọ́n.

"Màámi ni," Misturat fèsì. " Wọ́n ní ká má jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, kí ẹ̀jẹ̀ yín má baà ru."

Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín! Mọ́nsúrù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

"Bàbá, Misturat ni mo fẹ́," Ismaheel dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀rọ̀ oyún, ohun tí dókítà bá sọ la ó ṣe."

"Èmi ni mo bí i mọ́ ọ, Misturat."

"Bàbá tó bí yín ò mọ̀ títí wọ́n fi kú," ni Misturat dáhùn. "Èmi mọ̀."

Mọ́nsúrù fi etí agbádá nu ojú. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti lo oògùn tòní.