Omi Àlùwàlá Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kedere: mo fẹ́ràn ìyá ọkọ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kì í gbà á gbọ́, wọ́n á ní ojú ayé ni mò ń ṣe. Ojú ayé kọ́ o. Láti ìgbà tí Màmá ti ti ìlú Ọbáfẹ́mi wá bá wa gbé ní Mówè, ọkàn mi máa ń balẹ̀ tí mo bá wà níbi iṣẹ́ l'Ékòó, torí mo mọ̀ pé ọmọ mi yóò jẹun, yóò wẹ̀, kò sì ní jẹ ọṣẹ. Tí mo bá dé nírọ̀lẹ́, èmi àti Màmá á jókòó sẹ́yìn ilé, a ó máa ṣòfófó títí ọkọ mi yóò fi máa wúkọ́ ní pálọ̀ láti fi yé wa pé ebi ń pa òun.

Mùsùlùmí ni Màmá. Èmi àti ọkọ mi, ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ, ọkọ mi tilẹ̀ wà lára àwọn tó ń darí àdúrà níbẹ̀. Ìyẹn kò dá ìjà kankan sílẹ̀ nílé wa rí. Omi ló dá a sílẹ̀.

Táńkì kan wà lókè ilé wa. Bí wọ́n bá ti mú iná dé, a ó tan ẹ̀rọ kànga, a ó fa omi kún un, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tán kí ọ̀sẹ̀ tó dé àárín. Ọkọ mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bá dúró sára bútà Màmá. Ó ní àlùwàlá ni. Ó ní èèyàn kò lè máa fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ kí táńkì má gbẹ. Mo ní, "Dádì, bútà kan péré ni." Ó ní kí n fi ìṣirò sílẹ̀ fún òun.

Àfi bó ṣe ti ọjà Ìbàfò dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú bútà tuntun, kékeré bíńtín, irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ bá wa máa lo èyí, nítorí omi." Màmá gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún un. Inú bí mi débi pé mo da iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Láti ọjọ́ kejì, Màmá ò fọwọ́ kan omi wa mọ́. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò kejì ni wọ́n ń rìn lọ ṣe àlùwàlá, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ìgbà tó yá, bí a ṣe jọ ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé tó bá di Sọ́ńdè, àwọn yóò padà sí Ọbáfẹ́mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, kò sí ìjà. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Ṣùgbọ́n orí mi kò gbà á. Màmá ò lo omi wa mọ́, táńkì sì tún gbẹ. Ta wá ló ń mu ún, àǹjọ̀nnú? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọdẹ. Mo ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, mo na ọwọ́ sábẹ́ síǹkì, mo fọwọ́ pa ògiri wò bóyá ó tutù, mo tẹ̀ lé páìpù ẹ̀yìn ilé bí ẹni tó ń wá yẹtí tó já bọ́. Ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ìgbà náà ni mo rántí lándílọ́ọ̀dù wa àtijọ́ ní Màgbòrò. Ọkùnrin náà máa ń da búlúù ìfọṣọ sínú táńkì kékeré tó wà lẹ́yìn ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn ayálégbé rẹ̀. Bí búlúù bá sọ̀ kalẹ̀ sínú àwo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa omi, ó ń jò nìyẹn. Ilẹ̀ kò sì ní tutù, torí inú kòtò ìdọ̀tí ni omi ọ̀hún ń gbà lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sọ́ńdè, n kò rí búlúù. Sóbò ló wà nínú fíríìjì, pupa yòò. Mo da díẹ̀ sínú táńkì ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì Màmá, mo da èyí tó kù sínú ti wa, èyí tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, tí ọkọ mi fi ń yangàn fún àlejò. Mo bá lọ ń din dòdò.

N kò tíì yí dòdò padà tí mo fi gbọ́ "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Ọkọ mi jáde pẹ̀lú táwẹ̀lì nídìí, ó gba iwájú mi kọjá, ó mú òróró àdúrà lórí fíríìjì, ó padà wọlé. Mo yọjú. Ó ń wọ́n òróró yí àwo náà ká, ó ń pàṣẹ fún àwọn ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ wọn kúrò nílé òun. Ó yẹ kí n tètè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó gbàdúrà dé àmín.

"Sóbò ni," mo wí.

"Sóbò wo?"

"Èyí tí ẹ ní ṣúgà rẹ̀ kò tó lánàá. Táńkì ẹ̀yìn ni mo dà á sí. Ẹ ò tíì fa omi, àbí? Kí ló wá gbé e dé inú àwo?"

Ó ṣí ìdérí táńkì náà. Rọ́bà tó yẹ kó dí ojú ihò ti gbó, ó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi sì ń yọ́ lọ lábẹ́ rẹ̀, ṣẹ́ẹ́ẹ́. A jọ lọ wo ti Màmá. Omi inú àwo tiwọn mọ́ gaara.

Màmá ti jókòó ní pálọ̀, wọ́n ti da ìborùn borí, báàgì wọn wà nílẹ̀. Ọkọ mi lọ dúró níwájú wọn. "Màmá, a ti rí i. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa ló ń jò, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí. "Ẹ̀yìn ògiri mi ló wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Màmá wò ó. Kò sí ìbínú lójú wọn, ìyẹn gan-an ló dùn mí. "Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ ọ́ lo gbé bútà dé. Mo wá rí i pé àlejò ni mo jẹ́ níbí. Ṣé àlejò ni yóò sọ fún onílé pé ilé rẹ̀ ń jò?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀, tòun ti táwẹ̀lì. Màmá ò sọ pé kó dìde. Èmi náà ò bá a bẹ̀bẹ̀. Mo gbé báàgì wọn padà sí yàrá. Wọ́n rí mi, wọ́n sì ṣí ìborùn kúrò lórí.