Òkè Tí Ìwé Ní Kò Sẹ́ni Tó Gbé Ibẹ̀ Rí

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ máa ń bo òkè Ọ̀kà láàárọ̀, tí orí àpáta á dà bí ohun tó léfòó sójú ọ̀run. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ di tíṣà ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tábúlẹ́ẹ̀tì fún wa, ìwé ìtàn sì wà nínú rẹ̀: bí ọmọ bá fọwọ́ kan àwòrán, ohùn á jáde, bó bá dáhùn ìbéèrè, ìwé á fi àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa dá a lóhùn. Mo ń yan kiri kíláàsì bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ tuntun nìkan ni mo ní nígbà náà.

Lọ́jọ́ kan, ìwé béèrè bóyá èèyàn ti gbé orí òkè wa rí. Ọmọbìnrin kan tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Pupa! Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Sà, ìyá àgbà mi ní orí òkè ni wọ́n bí ìyá àwọn sí."

"Ohun tí ìwé bá sọ ni kí o mú," ni mo wí. Ó dorí kodò. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò nawọ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà rẹ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá wa. Wọn ò bínú. "Tíṣà, ẹ kó àwọn ọmọ, ká lọ." A tẹ̀ lé wọn gòkè nínú kùrukùru, a ń dúró kí wọ́n lè sinmi. Lórí àpáta pẹlẹbẹ kan, wọ́n fi ọ̀pá gbá ewé gbígbẹ kúrò. Ihò róbótó mélòó kan hàn, inú wọn ń dán bí abọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ ọ̀kan.

"Ibí ni ìyá mi ti ń lọ àgbàdo."

Ó ń ṣe mí bíi pé mo ń gbọ́ ìró ọlọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá lójú gbogbo ọmọ, mo sì sọ fún ọmọbìnrin náà pé, "Ìwọ lo gbà á. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

A gba ohùn ìyá sílẹ̀, a fi kún ìwé náà. Nígbà tí ìyá fúnra wọn gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ta ni arúgbó tó ń rojọ́ yìí?" A ò rí ìdáhùn ìwé yẹn yí padà, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ló ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", bí pupa bá ti yọ, wọn á pàtẹ́wọ́.

Ìkàrẹ́ ni mo ti ń kọ́ni báyìí. Ìwé tó mọ̀rọ̀ sọ ti pọ̀ lọ́wọ́ wa. N kò tíì rí èyí tó létí. Bí ọmọ kan bá ní, "Sà, kò rí bẹ́ẹ̀," mo máa ń fa àga, mo sì máa ń jókòó.