Omi Tí Mo Gbọ́ Ìró Rẹ̀ Tí N Ò Rí

Òórùn ẹrẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí ọ tí o bá sọ̀kalẹ̀ sí etí odò Thames ní Thamesmead nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Kì í ṣe òórùn dídùn, ó jọ òórùn abẹ́ àmù tí wọn ò tíì gbé kúrò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń rìn láìjẹ́ pé ẹnì kan ń dúró dè é níbi tó ń lọ. Títí di òní, bí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà inú á wá bí mi. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, ará Kerala ní Íńdíà. Wọ́ọ̀dù kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan nítòsí Woolwich Common. Ní ọjọ́ kan tá a jókòó síbi tá a ti ń jẹun, ó fi àwòrán omi kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀, omi funfun tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta láàárín igbó. Ó ní ẹ̀yìn abúlé ìyá òun ló wà, pé ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò kì í dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dé e. N ò mọ ohun tó gbé mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òyìnbó yìí, ibi tí mo mọ̀ ò ju ibùdókọ̀, wọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìdáná mi lọ. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ. Mo ní, “Mú mi lọ.” Ó wojú mi bóyá mò ń ṣeré, ó rí i pé n ò ṣeré.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé tá ò bá níṣẹ́, a ó pàdé ní Woolwich Dockyard, a ó rìn létí odò títí dé Thamesmead. Nígbà tí ẹsẹ̀ wa le díẹ̀, a kọjú sí òkè Shooters Hill, a ń gun ún, a ń sọ̀ kalẹ̀, a tún ń gun ún, pẹ̀lú àpò ìrẹsì kékeré nínú báàgì tá a gbé pọ̀n sẹ́yìn kí èjìká wa lè mọ ẹrù. Èmi tí mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé mi tẹ́lẹ̀, mo wá ń kọrin lórí òkè. Kò pẹ́ tí mo fi ní láti máa fi píìnì mú ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì mi kó má baà já bọ́. Rántí píìnì yẹn.

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò láàárín wa kì í ṣàì sọ fún àgbà kan kó fi àdúrà sìn ín. Nígbà tí ìrìn àjò náà kù díẹ̀, mo lọ bá Mummy tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn.

“Mummy, ẹ bá mi gbàdúrà o. Mò ń travel lọ sí India next month.”

Ẹ̀rín ojú wọn parẹ́. “India? Kí ló dé?”

“Mo kàn fẹ́ lọ rìn ni, mà. Òkè wà níbẹ̀, waterfall wà níbẹ̀. Èmi àti colleague mi la jọ ń lọ.”

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú wọn dúró síbi píìnì síkẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. “Ó ti yé mi, ọmọ mi. Má sọ púpọ̀. Ọlọ́run tó ṣe é fún àwọn tó ti lọ ṣáájú á ṣe é fún ẹ.”

Ta ló ń lọ sí Íńdíà fún fàájì lọ́dọ̀ tiwa? Ọkàn tó ń ṣe ségesège, kíndìnrín tó ti daṣẹ́ sílẹ̀, egungun ẹ̀yìn, nǹkan tí wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń ṣàìsàn gidi, ó máa ń fi pa mọ́ ni. Nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ló ń dá wọn lójú sí i. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá sílé mi. Ọbẹ̀ ẹja tutù tí ẹnì kan sè wá, mo tọ́ ọ wò, kò níyọ̀ rárá. Mo dúró sídìí sítóòfù pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, mo ń ro ohun tó lè fà á, ó wá yé mi. Wọ́n ti jókòó síbì kan, wọ́n ti yan àìsàn kíndìnrín fún mi.

Inú bí mi gan-an. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bi mí pé irú òkè wo ni, báwo lomi yẹn ṣe rí. Ká ní ọmọ mi ló bímọ sí Canada, tí mo fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ, ijó ni wọn ì bá fi sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú. Àmọ́ kí obìnrin ọjọ́ orí mi sọ pé ẹsẹ̀ òun ń yún òun láti rí ayé, kò sí àyè tí wọ́n lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí nínú orí wọn. Mo di ẹrù mi, mo lọ.

Erékùṣù kéékèèké inú ọ̀sà ní Kerala la kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn. A ó rin ọ̀kan já kí oòrùn tó mú, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi bọ́ sí èkejì. Wọ́n se ẹ̀gẹ́ fún wa níbẹ̀, wọ́n fi ẹja oní ata lé e lórí, òórùn ọ̀sà yẹn àti òórùn Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ wa nílé sì jọra débi tí omi fi bọ́ lójú mi sínú àwo. Lẹ́yìn ìyẹn la lọ sí orí òkè. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ọ̀nà tóóró ni, ata iyèré ń gun igi lọ́tùn-ún, igi kọfí wà lósì, eṣúṣú tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu sì ń gun bàtà wa. Ọ̀rẹ́ mi di iyọ̀ sínú àkísà sórí igi kan fún mi, kí n máa fi kàn wọ́n kí wọ́n lè já bọ́. Mo rántí ọbẹ̀ aláìníyọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń wú ikọ́.

Nígbà tá a dé ṣóńṣó òkè kan la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ omi náà. Ó ń dún bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù ilé àwọn ẹlòmíì kó tó kan tiwa. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀yìn òkè yẹn náà ni, ká sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ péré, ó kù ṣíún. Ó ní àmọ́ fóònù ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ tá a bá ti sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù mi dún lápò. Àbúrò mi ọkùnrin ni, láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ṣubú láàárọ̀ yìí. Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. A ti gbé wọn dé clinic, ṣùgbọ́n wọn ò gbà láti jẹun.”

“Ààwẹ̀ kí ni? Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ?”

Ó ní, “Nítorí operation yín ni.”

Mummy ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wá nọ́ńbà ìyá mi rí lọ́wọ́ ìbátan wa kan, tí wọ́n pe ìyá mi pé iṣẹ́ abẹ ni mo lọ ṣe, kí àwọn méjèèjì jọ fi ààwẹ̀ gbé mi dìde. Ìyá mi, arúgbó tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé inú wọn ò gbọdọ̀ ṣófo, pa ebi mọ́ra nítorí ọ̀bẹ tí ẹnikẹ́ni ò yọ sí mi. Wọ́n ní nǹkan kan ò ní kan ẹnu àwọn àfi tí àwọn bá fi ojú ara àwọn rí mi. Orí òkè yẹn sì gba ohùn, kò gba fídíò.

Mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún, kì í ṣe ẹkún àánú. Ọ̀rẹ́ mi dúró tì mí. Omi yẹn ń dún níwájú mi. Mo dìde, mo kọ ẹ̀yìn sí i, a sì sọ̀ kalẹ̀ padà síbi tá a ti wá.

Ìsọ̀ oní-tíì kan ní ìkóríta abúlé ni fídíò ti wá wọlé. Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ìtọ́jú ń wọ ọwọ́ wọn. Wọn ò kí mi.

“Dìde dúró kí n rí ẹ.” Mo dìde. “Yí ẹ̀yìn padà.” Mo yí padà. “Gbé apá sókè.” Mo gbé e, gbogbo àwọn tó ń mu tíì sì ń wò mí. Wọ́n ń wá ojú abẹ ni.

“Kí lo wá wá síbẹ̀?”

“Mo wá wo omi kan ni, mà. Ó ń já wálẹ̀ látorí àpáta.”

“Omi lásán?”

“Omi lásán, mà.”

Wọ́n wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí àbúrò mi, wọ́n ní, “Gbé ẹ̀kọ yẹn wá.”

N ò gun òkè mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ tó kù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá ọ̀rẹ́ mi ni mo jókòó sí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, nítorí ìyá mi kì í jẹun àfi tí mo bá ń jẹ tèmi níṣojú wọn.

Nígbà tí mo padà dé, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti inú bàálù. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó dáadáa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti pè mí síwájú, wọ́n ti dárin, àwọn obìnrin ti ń jó yí mi ká. Mummy fi máìkì lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, “N ò ṣàìsàn.”

Gbogbo ìjọ ní, “Àmín!”

Mo rọra tún un sọ. “N ò ṣàìsàn rí. Kò sí operation kankan. Mo lọ rìn ni.”

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn pé, “Ẹ wò ó, ó ń fẹsẹ̀ rìn!” Alelúyà gba ilé kan. Mummy gbá mi mọ́ra, omijé gidi sì wà lójú wọn, ìyẹn ló tún dá kún ìbínú mi. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi. Mo dúró títí a fi jáde, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà.

“Mummy, Màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.”

“Ọlọ́run ò ní gbà fún èṣù, ọmọ mi.”

“Kì í ṣe èṣù, mà. Ẹ̀yin ni.”

Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò léjìká mi. N ò dúró gbọ́ èsì. Mo fi bàtà ọjọ́ Àìkú rìn létí odò láti Woolwich dé Thamesmead, ẹsẹ̀ mi bó, n ò bọ́ bàtà náà. Mo gbọ́ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé àlàáfíà ti ń gùn mí. Èmi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé láàárín wa, àìsàn nìkan ni obìnrin lè fi tọrọ àyè. Bí ara rẹ bá ti le, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́, àwọn èèyàn ń dúró dè ọ́, ibo lo wá ń lọ?

Ìyá mi nìkan ló padà bi mí, lórí fóònù, níjọ́ kan tá a ti sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn àti oúnjẹ wọn tán. “Omi yẹn, ṣé o padà rí i?”

“Rárá, mà. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ ni.”

Wọ́n wá ní, “Padà lọ wò ó. Bí wọ́n bá bi mí, n ó sọ pé àìsàn yẹn ló tún gbé dé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Inú sì tún bí mi níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé irọ́ yẹn ni wọ́n máa gbà gbọ́.